Nítorí Pé Ó Wù Mí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yọjú sẹ́nu oníẹnu
ní Agbo-Ọba.
Ìlú tí wọ́n ní ẹnu wọn dùn ju iyọ̀,
èmi ni mo mọ iye eyín tó ti kẹ̀ lẹ́yìn adùn náà.

Ọdún tí mo pé méjìdínlọ́gọ́ta
mo ta ilẹ̀ mi tó wà ní Tánkẹ̀,
púlọ́ọ̀tì méjì pẹ̀lú àwókù fẹ́ǹsì,
mo kó owó rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Mo ti gba ìwé àṣẹ kékeré tẹ́lẹ̀,
ti bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta.
Jẹ́ẹ̀tì ló kù.

Mùníráátù aya mi béèrè:
"Ṣé wọ́n fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ni?"
Mo ní rárá.
"Ṣé ẹ óò máa kó oníhájì lọ Mẹ́kà ni?"
Mo ní ta ni yóò fi oníhájì lé arúgbó lọ́wọ́.
"Kí wá ni?"
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.
Ó wò mí títí, ó bu wàrà sí àwo mi.
"Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Iléyá.
Ó ní ilẹ̀ kì í jẹrà, mo tà á, mo fi ra atẹ́gùn.

Ìbíwùmí ló ń kọ́ mi, ọmọ Àrándùn,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ti yọ eyín ìyá rẹ̀ rí.
Inú bàlúù irọ́ la ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá dúdú kan.
Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì òsì gbaná.
Mo sáré pa ẹ́ńjìnnì ọ̀tún.
A já bọ́ sínú ìlú kan tí kò sí láyé yìí.
"Ẹ ti pa wá, sà," ló wí,
bí ẹni ń sọ pé ẹ ti da tíì sílẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹta, mo tún pa wá.

Lẹ́yìn àsùbáà ni mo ń há ìwé rẹ̀ sórí,
bí ìgbà tí mo wà nílé kéú ní Òkèlele,
wàláà lórí itan, pàṣán lẹ́yìn:
epo, iná, ìdúró táyà,
eré tí a kò gbọdọ̀ sá kọjá,
eré tí a kò gbọdọ̀ sá kù.

Jẹ́ẹ̀tì kì í dúró de èrò.
Kí o tó ronú kan Gánmọ̀, o ti kọjá Ọ̀fà.
"Ẹ máa ṣáájú rẹ̀, sà, ẹ yé lé e kiri.
Ẹ má sì fún un lọ́rùn."
Èyí nìkan ni ọwọ́ mi tètè gbọ́:
bí a ṣe ń di eyín ọmọdé mú ni,
eyín tó ti ń mì,
tí ọmọ kò fẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ká kúrò lójú ọ̀run
ó fà mí mọ́ àga, ó sáré,
ó kọ ilẹ̀ bí ìyàwó tó ti di ẹrù rẹ̀ láti àná.

Àwa tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wa,
àwọn bàbá wa a gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún,
wọn a sáré, eruku a sọ,
wọn a sì tún padà síbi tí wọ́n ti gbéra.
Ta ló bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ?

Mo wolẹ̀. Òkè Sóbí dúró gẹ̀jìgẹ̀jì
bí eyín kan tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó.
Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ mi
n kò fẹ́ yọ ọ́.

Ìdánwò ìkẹyìn ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.
Bí mo yege, kò sẹ́ni tí yóò san kọ́bọ̀ fún mi.

Ní Mọ́ńdè, obìnrin kan yanu sílẹ̀ lábẹ́ iná mi,
ó rí i tí mo ń dá rẹ́rìn-ín,
ó fẹ́ bi mí ohun tó fà á.
Òwú ti kún ẹnu rẹ̀.