Lẹ́tà Inú Orúnkún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun Ràlé dúdú
láti Kàbà dé Ìyàrá, láti Ìyàrá dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé,
àpò lẹ́tà lẹ́yìn, eruku nímú,
tí wọ́n ń ké sí mi láti inú oko kọfí:
"Òkun o, Mẹ́dùpìn! Ṣé tèmi wà níbẹ̀?"

Lónìí orúnkún ọ̀tún mi ń dún
bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa àtijọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn káàdì mi.
Ó ní: Bàbá, eegun rírọ̀ tó bo orí eegun yín,
ìlú tí kò ní títì ni.
Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kò yà síbẹ̀.
Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ dá wà, kálukú nínú ihò tirẹ̀,
lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn ayé.

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni ń pín in?
Ó ní: Purotéènì ni lẹ́tà, omi oríkèé ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Òmíràn á ní, "Ẹ mọ odi. Ẹ fa okùn le."
Wọn a mọ odi.
Òmíràn á gba inú ooru àti wíwú dé:
"Ogun dé, ẹ yọ ọ̀bẹ!"
Wọn a yọ ọ̀bẹ,
wọn a máa gé okùn tí àwọn fúnra wọn hun.
Kò sí ogun kankan o.
Lẹ́tà ni wọ́n gbà gbọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù: ọ̀kan wà
tó ń kọ́lé nígbà èwe,
bó bá pọ̀ jù lọ́jọ́ alẹ́, òun kan náà a máa ba ilé jẹ́.

Ọ̀kan sì wà, ó ní, tí kò mú iṣẹ́ kankan wá.
Ó kàn wọ ihò kọ́kọ́rọ́, ó jókòó síbẹ̀,
kí lẹ́tà ọ̀bẹ má baà ráyè wọlé.

Mo dákẹ́.
Lọ́dún tí ọ̀dá pa kọfí, mo gbé lẹ́tà kan pamọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́ sí àbúrò, lórí ilẹ̀.
Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ gègé mọ́ ìwé débi pé ó fẹ́ ya.
Lọ́jọ́ kẹwàá ìyá wọn kú, wọ́n jọ gbé pósí.
Òfin ìjọba ni mo rú. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbídùn ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀,
pé ìgbésẹ̀ ló ń fún omi náà wọlé, tó ń fún un jáde.
Nítorí náà, lálaalẹ́,
mò ń rìn dé ìdí ìyeyè, mò ń padà,
ọ̀pá lọ́wọ́,
n kò mọ èwo ni mò ń pín.