Ọ̀dá Ọ̀dà

Páálí kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè,
wọ́n kọ IṢẸ́ ỌNÀ sí i lára gàdàgbà.
A tú okùn, a tú páálí:
agolo ọ̀dà mẹ́ta, gbogbo wọn ti gan bí ẹ̀kọ àná,
búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ti re dànù,
àti ìwé tí mo máa fọwọ́ sí pé méjìlá ni mo gbà.
Mo fọwọ́ sí i.
Ọ̀dà ni wọ́n ní àwọn kó wá fún wa ní Ìlódè,
ọ̀dá ni mo bá nínú páálí.

Ọmọ mẹ́tàlélógójì ń wò mí lójú.
Mo ní, ta ló rún pákò láàárọ̀ yìí?
Ọwọ́ mẹ́fà péré ló nà sókè.
Mo ní, ẹ lọ tọrọ pákò lọ́wọ́ ìyá àgbà yín,
ẹ rún un títí orí rẹ̀ yóò fi là bí irun àgbàdo,
ẹ mú un bọ̀ lọ́la.
Ẹnu yín ni yóò bá wa ṣe búrọ́ọ̀ṣì.

Ọláńkẹ́mi kó èédú wá láti ìdí ààrò.
Ìbídàpọ̀ gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró dé nínú ike ìpara.
Awótúndé mú osùn; ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni,
ó jí i bù lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
Mo bá a wí. Mo tún gbà á.
Kúkúrú ṣọ́ọ̀kì ni mo lọ̀ fún funfun,
páálí indomí la tẹ́ pẹrẹsẹ, ó di ìwé.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí ẹni ń ṣòfin:
èédú ni ti ògiri,
osùn ni ti páànù tó dípẹtà,
aró ni ti ojú ọ̀run.
Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ìró pákò lórí páálí nìkan,
bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Mo dé ọ̀dọ̀ Morádéyọ̀,
ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí òjò bá ń rọ̀.
Ó ti fi osùn kun ojú ọ̀run látòkè délẹ̀,
pupa fòò, kò ku ibì kan.
Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀run ń pupa?"
Ọwọ́ mi yá, ọwọ́ ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́:
mo mú bírò, mo fagi lé e.
Kò sunkún. Ó wo igi náà
bí ẹni ń wo eṣinṣin lórí oúnjẹ.
"Àǹtí, tí mo bá ń lọ pọnmi, ó máa ń pupa.
Ẹ̀yin ò tíì jí nígbà yẹn."

Mo ní kó yà á. Ó yà mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún ààbọ̀, mo ró ìró,
mi ò sọ fún bàbá ilé, mo jáde síta.
Ojú ọ̀run kọ́kọ́ rí bí eérú,
ó pọ́n díẹ̀ létí, bí etí ọmọ tí a fà,
ó wá pupa, ó pupa,
àfi bíi pé Awótúndé tún ti jí osùn ìyá rẹ̀ bù.
Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá!
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ,
mi ò jí wò ó rí.

Mo bẹ Morádéyọ̀. Kò dáhùn; òjò ò rọ̀.
Bírò kì í ṣeé parẹ́.
Ó mú èédú, ó rọra ya ẹyẹ méjì
kí wọ́n bà lórí igi tí mo fà.

Ní Fúráìdeè, ìsípẹ́kítọ̀ wọlé.
Ó ní, "Ọ̀dà ìjọba dà?"
Mo nawọ́ sí ògiri.
Ó wò ó, ó sún mọ́ ọn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ta ló ya àwọn ẹyẹ yìí?"
Mo ní, ọmọ yẹn ni.
Èmi ni mo fa igi.