Ihò Ara Ògiri

Yàrá mẹ́ta péré ni ilé ìwòsàn wa,
létí òkun Newfoundland,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ ẹni.
Dókítà ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ìgbì bá gbà fún un.
Ọjọ́ yòókù, Bernadette Keough ni,
nọ́ọ̀sì àgbà tó ń yẹni wò, tó sì ń kọ oògùn fúnni;
ẹ̀yìn ògiri ni Leander Snook, apòògùn,
àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá.

Ihò kan ń bẹ lára ògiri náà.
Páìpù ló gba ibẹ̀ nígbà kan.
Wọ́n yọ páìpù, ẹnikẹ́ni ò rántí dí i.

Mo ká apá ẹ̀wù sókè kó lè wọn ìfúnpá mi.
Awọ ara mi ti dúdú káàkiri,
bí ẹja tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọkọ̀.
"Ambrose, ta ló nà ọ́?"
"Okùn àwọ̀n ni," mo ní.
Kò dá mi lóhùn. Ó kọ ẹnu sí ihò:
"Leander, kí ni Ambrose ń gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo gbọ́ ìró ìwé.
"Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì,
ọ̀kan láràárọ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́.
Àti oògùn ìrora tó máa ń rà níwájú ìta,
ìgò kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀,
ti orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Philomena."

Bernadette wò mí.
Ó tún wò mí.
"Leander, ọdún kẹfà rèé tí a sin Philomena.
Èmi ni mo gbé òdòdó."

Wọ́n ní irọ́ lè sá fún ogún ọdún
kí òótọ́ tó lé e bá.
Tèmi ò lè gba ògiri kọjá.

Leander jáde wá, ojú ń tì í ju èmi lọ.
Wọ́n jókòó tì mí lọ́tùn-ún lósì,
wọ́n ń jiyàn lórí mi bí ẹni ń tún àwọ̀n ṣe,
ọ̀kan ń fà á, èkejì ń ta kókó.
Èwo la ó dá dúró? Èwo ni kò ní bá èyí jà?
Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, "Orúnkún wo ló ń dùn ọ́ gan-an?"
"Méjèèjì."
"Láti ìgbà wo?"
Mo ní láti ìgbà tí Philomena ti lọ
ni èmi nìkan ti ń wọ́ ọkọ̀ gòkè etíkun.

Bernadette kọ ọ́ sílẹ̀.
Leander ń wo bàtà rẹ̀.
"Aago mélòó," ó ní, "lẹ máa ń wọ́ ọ?"