Ìka Tí Kajú Jẹ

Ẹnì kan ń jẹ́ Dọ́káàsì Oyèníran ní ìlú tí n kò dé rí.
Ó yáwó. Kò san.
Èmi ni wọ́n ń pè láago mẹ́rin ìdájí:
"Màmá, ẹ wá san gbèsè yín."

Mo dé báǹkì ní Tákìé, mo gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ.
Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọ́ kajú l'Árówómọlẹ̀;
epo rẹ̀ ti jẹ ìlà ìka mi tán.
Olè ò fìka kan nǹkan kan, wọ́n gbà á gbọ́.
Èmi tí mo kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá,
wọ́n ní kí n tún un tẹ̀.

Mo dé kóòtù, mo búra pé èmi ni èmi;
akọ̀wé gba ẹgbẹ̀rún méjì, ó lu òǹtẹ̀ gbà.
Àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Mo ní kí wọ́n pa láìnì àtijọ́,
èyí tí olóògbé fi máa ń pè mí láti oko.
Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Oṣù karùn-ún ni lẹ́tà dé: gbèsè kì í ṣe tèmi.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi há inú Bíbélì.

Lánàá, ẹnì kan pe Dọ́káàsì lójúde.
Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.
Ìgbà tí n ò rí ẹlòmíì,
mo jẹ́ ẹ.