Àwọn Adìyẹ Ningavva

Lẹ́yìn Kalaburagi, lórí ilẹ̀ dúdú
tó la ẹnu bí ẹni òǹgbẹ ń gbẹ,
Ningavva a tẹ́ àlòkù sárì sábẹ́ òtílí,
a gbọn ẹ̀ka jìgìjìgì.
Kòkòrò a máa já bọ́, pọ́tọ́, pọ́tọ́,
àwọn adìyẹ a tẹ̀lé e láti poro dé poro,
wọn kì í dúró de ìpè.
Bí ìyá ìyá mi ṣe ń dáàbò bo oko nìyẹn
kí n tó lọ kàwé dé.

Èmi pọn agolo oògùn sẹ́yìn bí ẹní pọn ọmọ.
Lórí igi kan ṣoṣo, mo ka kòkòrò mẹ́tàdínlógún.
Ilẹ̀ mọ́, ó ku ẹyọ kan,
òun náà ń rìn bí ọ̀mùtí.
Mo pariwo, mo jó láàárín poro.
Ningavva ò jó. Ó ní:
“Ta ni yóò wá sọ fún adìyẹ?”

A ti adìyẹ mọ́lé.

Kòkòrò kú, oògùn ò bá a lọ.
Ó jókòó sára èèpo
bí àlejò tó jẹun tán tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Mo já èso tútù, mo fi yìnyín bò ó,
mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Iravati níbi àyẹ̀wò.
Ẹ̀rọ rẹ̀ ya òkè kan sórí ìwé,
òkè tí ewúrẹ́ ò lè gùn.
Ní ọjọ́ kẹta, òkè di ebè.
Oòrùn ń bù ú jẹ, ìrì ń fọ̀ ọ́,
èso ń sanra, oògùn ń fẹ́lẹ́ lára rẹ̀.
“Ó ku díẹ̀,” ni Iravati wí.
“Ẹ má tíì tà. Ẹ jẹ́ ó pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ní ọjọ́ keje, Rudrappa gbé ọkọ̀ ẹrù dé.
Òtútù ti mú, ará ìlú ń wá òtílí tútù
tí wọ́n ń fi iyọ̀ sè fọ́mọ jẹ.
Owó tó pè dùn létí.
Gbèsè oògùn yẹn gan-an ṣì wà lọ́rùn wa.
Mo mọ iye tó kù lára èèpo, mo mọ̀ ọ́n dé orí ẹsẹ̀,
èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ilé.
Àpò mẹ́ta.
Mo bá a gbé e sókè.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìwé Iravati tẹ́jú pẹrẹsẹ.
Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wo bàtà mi.
Nílé, Ningavva ṣílẹ̀kùn àgò.
“Adìyẹ ti dúró,” ó ní, “ta ló tún dúró?”

N ò fèsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tú ewé wò.
Kòkòrò kan wà níbẹ̀, kékeré, tuntun,
àmọ́ adìyẹ ti rí i ṣáájú mi.