Ẹṣin Igi

Keskil, àbúrò mi, má tíì jókòó sídìí ọkọ̀.
Wá dúró tì mí níbi búùtù yìí.
Mo mọ̀ pé ojú ń kán ọ,
mo mọ̀ pé Tuyaara ti gbé omi tíì kaná ní Khandyga,
ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni eji rí leji ń pa:
òtútù tiwa kì í tilẹ̀ í wojú ẹnikẹ́ni.
Bí o bá tu itọ́ níta lálẹ́ yìí,
kí ó tó balẹ̀, ó ti di òkúta.

Bátìrì nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló sùn mọ́jú bí ọmọ tuntun.
Táyà àfikún rèé.
Má rò pé torí ọjọ́ tí táyà bá jò nìkan ni.
Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ fún ọ láàárín igbó,
òun ni igi ìdáná rẹ:
bù epo sí i, ṣáná sí i,
èéfín dúdú rẹ̀ yóò máa bá ọ ké sí ènìyàn.
Ìṣáná mẹ́ta: ọ̀kan nínú àpò àyà,
ọ̀kan nínú bàtà,
ẹ̀kẹta nínú agolo tíì, torí o máa ń gbàgbé àpò rẹ.

Bẹ́líìtì fáànù méjì ni mo rà.
Ọ̀kan ni Bàbá mú lọ́dún náà.

O kò tíì dáyé nígbà yẹn.
Ọdún tuntun ku ọ̀la, Bàbá ń bọ̀ láti Yakutsk,
ẹ̀bùn mi wà nínú àpótí, ẹṣin igi,
irun ẹṣin gidi ni wọ́n fi ṣe gọ̀gọ̀ rẹ̀.
Mo ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó rí i.
Bẹ́líìtì já nírọ̀lẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀.
Kò pẹ́, èyí tó fi pààrọ̀ já.

Kò fẹsẹ̀ rìn. Gbọ́ èyí dáadáa, Keskil: kò fẹsẹ̀ rìn.
Ẹni tó bá kúrò nídìí ọkọ̀ nínú òtútù, ilé ló kúrò.
Ó sun táyà.
Ó sun ìjókòó ẹ̀yìn.
Ó sun àpótí.
Ó di ẹṣin náà mú, ó wò ó lójú,
ó ní, "Jọ̀ọ́."
Ìdajì wákàtí ni ẹṣin náà fi jó.
Nínú ìdajì wákàtí yẹn ni ọkọ̀ eléèédú kan dé.
Awakọ̀ náà kò béèrè orúkọ, kò gba kọ́bọ̀,
ó kàn ṣílẹ̀kùn.
Ìwọ náà, bí o bá rí iná ọkọ̀ tó dúró, dúró.
Ẹni tó bá wò ó kọjá lójú ọ̀nà wa,
kó má ṣe kí wa mọ́.

Bàbá wọlé pẹ̀lú ìka méjì tó ti kú.
Èmi ń béèrè ẹṣin.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi bínú, kò sì ṣàlàyé,
àfi ọjọ́ tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà.

Bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́? Dè é ní gbogbo ọ̀nà,
àfi lórí yìnyín odò Aldan.
Tí o bá débẹ̀, tú u, kí o sì pa rédíò.
Yìnyín a máa sọ̀rọ̀ kó tó là;
etí ẹni tó ń kọrin kì í gbọ́.

O ń rẹ́rìn-ín. "Kí nìyí lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì?"
Mo mọ̀ pé o ti dàgbà ju ohun ìṣeré lọ.
Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
ojú rẹ̀ kò dọ́gba,
ṣùgbọ́n igi rẹ̀ gbẹ, ó gbẹ gan-an.
Bí o bá mú un padà wá bó ṣe wà, ó dáa.
Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo padà wá,
pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
n kò ní í béèrè ẹṣin.