Èèkàn Kẹtàdínláàádọ́ta

Wọ́n kan èèkàn sí àárín ata Àwẹ̀ró,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀,
wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára.
Àwẹ̀ró ò mọ̀wé.
Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì,
ó lọ mú ewúrẹ́ rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ọn.
"Ẹ ṣeun," ó ní,
"láti èṣí ni okùn yìí ti ń wá ibi tí yóò dì mú."

Báyìí ni ìwakùsà ṣe wọ Abà Ẹlẹ́kùrọ́.
Kò pariwo.
Òòlù kékeré kan ni, àti Sùráájù,
ọmọ Òṣogbo bíi tèmi,
tó bọ́ bàtà kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀,
tó dọ̀bálẹ̀ kó tó ṣí ìwé.

Ó ń ka igi kòkó.
Èyí tó ń so, iye báyìí.
Èyí tí kò tíì so, iye báyìí.
Èyí tó ti gbó, ó fi bírò fa ìlà kọjá lórí rẹ̀.
Àwẹ̀ró ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn:
"Èyí ló san owó ìwé ìyá ọmọ yìí.
Ìdí eléyìí ni mo bí Oyèdòkun sí,
ibi rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."
Sùráájù ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn.
Kò sí àyè fún ibi ọmọ nínú ìwé.
Kò sí àyè fún sàréè bàbá àgbà,
tí à ń sá láfún lé lórí lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Wúrà ni wọ́n ń wá.
Wọ́n ń wú, wọ́n ń rà,
a ò mọ ẹni tó ń tà.
Oyèdòkun ra ọ̀kadà tuntun lóṣù tó kọjá.
Mi ò bi í léèrè.
Èmi náà ni mo bá a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀,
mo máa ń dúró lórí afárá.
Omi ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Àwọn èèyàn ní odò ti pa àwọ̀ dà.
Kì í ṣe odò. Ilẹ̀ ni.
Abà Alákùkọ ló ń kọjá lọ un,
tòun ti ebè, tòun ti ipa ẹsẹ̀ àwọn tó kọ ọ́,
ó ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ orúkọ rẹ̀.
Kòtò ló kù níbẹ̀; àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀,
awọ ara wọn ń bó.
Ojoojúmọ́ ni mò ń wo omi,
bóyá màá dá tiwa mọ̀.

Mo délé ní Sátidé.
Ewúrẹ́ ti fa èèkàn tu,
ó ń wọ́ ọ kiri abà:
kẹtàdínláàádọ́ta dé ìdí kànga,
kẹtàdínláàádọ́ta dé ẹ̀gbẹ́ sàréè,
ó dúró pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Oyèdòkun.
Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Mo ní ṣé kí n lọ kàn án padà.
"Jẹ́ kó máa wọ́ ọ.
Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí ilẹ̀ mi wà."

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n mú òmíràn wá.
Irin ni lọ́tẹ̀ yìí.